Kẹ̀kẹ́ Arọ àti Ọ̀nà Rẹ̀

Ìrànlọ́wọ́ tí ó dára jù lọ fún aláàbọ̀ ara ni èyí tí yóò jẹ́ kí ó lè dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan ní Ajégúnlẹ̀, tí ó ń pọn ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjìlá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yìn ń dun ìyá, ojú ń ti ọmọ. Bí ọmọ náà bá ní kẹ̀kẹ́ arọ tí a ń fi ọwọ́ wà, yóò dá lọ, yóò dá bọ̀. Ìyá yóò sì ráyè dé ọjà Boundary.

Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Èkó. Ní ilé-ìwòsàn egungun ní Igbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 pẹ̀lú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ó fara gbọgbẹ́, a ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò lè fo gọ́tà. Òjò a máa sọ òpópónà Ajégúnlẹ̀ di odò. Ọkọ̀ àjàgbé a sì máa dínà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ní Àpápá. Òfin 2019 fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí arọ yóò gbà wọlé. Ọdún náà pé ní 2024. Nítorí náà, ẹni tí ó fún arọ ní kẹ̀kẹ́, tí kò tún ọ̀nà ṣe, ìdajì oore ni ó ṣe.