Ihò Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò, Àkànní

Àkànní, mo rí fọ́tò tsuba, ẹ̀ṣọ́ idà Japan, tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo rí iye tí wọ́n pè é náà. N kò dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀ torí pé dókítà ti ní kí n yé gbé ohùn sókè. “Àǹtí, tsuba gidi rèé, orúkọ Soten ló wà lára rẹ̀.” Ta ló sọ fún ọ pé gidi ni? Ẹni tó ń tà á. Ta ni yóò pàtẹ ọjà tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ayédèrú ni òun ń tà?



Ọ̀rọ̀ Soten ni n ó kọ́kọ́ yanjú. Ìlú Hikone ní Japan, lẹ́bàá adágún Biwa, ni Mogarashi Soten ti ṣiṣẹ́. Irú iṣẹ́ tó wà nínú fọ́tò rẹ yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí: àwọn jagunjagun lábẹ́ igi, tí wọ́n gbẹ́ irin já láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n wá fi wúrà díẹ̀díẹ̀ sí ojú àti aṣọ wọn. Ọjà náà tà. Bó ṣe tà ni àwọn ọmọọṣẹ́, àwọn tí kì í ṣe ọmọọṣẹ́, títí kan àwọn ará ìlú mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í fín orúkọ Soten sára tiwọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí orúkọ yẹn wà lára wọn lónìí, ọwọ́ Soten kò kàn án rí. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni pàǹtí o. Òmíràn jẹ́ iṣẹ́ àtijọ́ tó dára gan-an, irọ́ kàn wà nínú orúkọ rẹ̀ ni. Owó iṣẹ́ àtijọ́ ni kí a san fún un, kì í ṣe owó orúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe orúkọ àwọn oníṣẹ́ mìíràn: Goto, Nobuie, Kaneie àti Kano Natsuo. Àwọn ará Japan ti mọ ìwà yìí tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, gimei ni wọ́n ń pe irú orúkọ irọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni kí o tó wo orúkọ.

Ihò àárín ni kí o kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ihò tí o kò tilẹ̀ yà ní fọ́tò kan ṣoṣo! Àárín èèkù àti ojú idà ni tsuba ń gbé, ìdí idà ló sì ń gba inú ihò yẹn kọjá wọnú èèkù. Ohun tí idà bá ti gbé inú rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ ní àpá. Idà kan kì í tóbi tó èkejì gẹ́lẹ́, nítorí náà, bí wọ́n bá gbé tsuba láti ara idà kan lọ sára òmíràn, ihò lè gbòòrò jù. Wọ́n á ki bàbà pelebe bọ orí tàbí ìsàlẹ̀ ihò náà, sekigane nìyẹn. Tàbí kí wọ́n fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu etí ihò, kí irin lè sún wọlé díẹ̀ kí idà má baà máa mì. Yíká ihò náà, wọ́ṣà bàbà máa ń tẹ̀ ẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, kì í sì í pẹ́ tí àwọ̀ ibẹ̀ fi ń yàtọ̀ sí ti ìta.

Àwòrán ni ayédèrú máa ń gbájú mọ́, kì í ráyè ti ihò. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe àpá lílù sí i, ẹnu àpá náà á ti kú, nítorí pé wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ìyókù ni. Ohun tó sì jọ bàbà níbẹ̀, irin kan náà ni, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún.

Má wá lọ sọ níta pé Àǹtí ní gbogbo èyí tí kò ní sekigane ló jẹ́ irọ́. Àwọn ojúlówó kan wà tí wọn kò dé ara idà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ní àpá, kí o yẹ ìyókù ara rẹ̀ wò dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí a rọ àti ohun tí a dà kò jọra, Àkànní. Gbọ́ ìdí tí èyí tí wọ́n dà fi pọ̀ níta: ní 1876, ìjọba Meiji ní Japan fòfin de gbígbé idà rìn kiri, àfi fún àwọn bíi sójà àti ọlọ́pàá. Oúnjẹ bọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ tsuba. Natsuo ní tirẹ̀ ti rí iṣẹ́ ìjọba, òun ló ya àwòrán sára owó tuntun Japan nígbà náà. Àwọn mìíràn kọjú sí àwọn àjèjì tó ń wá ohun tí wọn á gbé lọ sílé, àwọn tí kò lójú tì sì ń dà á lọ́pọ̀. Ìyẹn ni pé tsuba lè ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó má fojú kan idà rí.

Gbé awò tí ń mú nǹkan tóbi, kí o wo inú ibi tí wọ́n gbẹ́ já, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ já máa ń fi ipa àyùn sílẹ̀. Èyí tí wọ́n dà máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ bí ara búrẹ́dì, nígbà mìíràn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á wà létí rẹ̀ níbi tí apá méjì ohun tí wọ́n dà á sí ti pàdé. Wo ibi tí wúrà ti ṣí. Lára irin, oníṣẹ́ gidi máa ń kọ́kọ́ fa ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú ara wọn kó tó fi òòlù lu wúrà mọ́ ọn. Bí wúrà bá ṣí, ìlà yẹn á hàn. Bí ó bá jẹ́ irin tó ń dán ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà ni. Kí o sì wá a kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí o bá rí òmíràn tó ní ọgbẹ́ kan náà níbi kan náà, inú ìkòkò kan ni wọ́n ti jáde.

Àwọn kan á ní kí o so ó rọ̀ kí o lù ú, pé ojúlówó máa ń dún gooro. N kò lè fi owó mi lé ìró lọ́wọ́. Ti ìdógùn-ún: irin àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú máa ń dúdú mọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì máa ń jọ̀lọ̀, pupa tó ń ran ọwọ́, bóyá omi kẹ́míkà àná ni. Bí o bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ tsuba gidi, má tún pè mí ní Àǹtí rẹ mọ́.

Ẹni tó ń tà á ní òun ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ta ni? NBTHK, ẹgbẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò idà ní Japan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé, Hozon sì ni ìpele àkọ́kọ́ lórí ìwé tí wọ́n ń fúnni báyìí. Fọ́tò tsuba máa ń wà lára ìwé náà. Fi fọ́tò yẹn wé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, ọgbẹ́ sí ọgbẹ́, torí pé ìwé gidi lè tẹ̀ lé ẹrù irọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ kò tíì kan tsuba gidi kan, Soten lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé sí mùsíọ́ọ̀mù V&A ní South Kensington ní London, ẹ̀ṣọ́ idà Japan sì wà níbẹ̀. Lọ wò wọ́n títí ojú rẹ á fi mọ̀ wọ́n.

Ní báyìí, kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á. Ní kó ya ihò náà níwájú àti lẹ́yìn, kó ya etí rẹ̀, kó ya inú ibi tí wọ́n gbẹ́ já, kí iná gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí ó bá ní òun kò ráyè yà á, ìwọ náà kò ráyè sanwó.