Ó ní òun ò yọ kọ́bọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo fẹ́ ra Corolla tòkunbọ̀ l'Ákùúrẹ́, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ní òun ò yọ kọ́bọ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ó kàn ń wojú yín ni. Ẹ wo irú ọkọ̀ náà, ọdún kan náà, lórí ìkànnì Jiji, kí ẹ sì pe àwọn tó ń tà á ní Berger l'Ékòó. Iye tí wọ́n kọ kọ́ ni iye tí wọ́n ń gbà o. Ẹ fi owó epo àti ti awakọ̀ láti Èkó kún un, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó dúró sí.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́? Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá gba Kùtọnu yọ́ wọlé lè dínwó, àmọ́ wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì. Nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì iwájú, tó jẹ́ àmì 17, gbọ́dọ̀ bá tinú ìwé mu.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Bí èéfín búlúù bá yọ, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ dárúkọ àléébù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa ná yín, kí ẹ wá dákẹ́. Bí ọlọ́jà ò bá gbà, ẹ máa lọ. Ó ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́.