Ìrìn Wa sí Ahoro Òwu

Bí a bá wí fún ènìyàn pé a ń lọ wo ahoro ìlú àtijọ́, ohun tí ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni òkúta tí a tò léra, irú èyí tí ó wà ní Zimbabwe tàbí ní Íjíbítì. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ni àwa náà gbé lọ́wọ́ nígbà tí a gbé àpò kọ́ èjìká, tí a fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkirè dé Àpòmù, tí a sì gba inú igbó àti oko kòkó lọ sí Orílé-Òwu. Ìrònú náà sì tàn wá jẹ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ.

Ìkirè sí Àpòmù kò jìn, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí a ṣá wí pé ẹni tí ó bá ń rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kò gbọdọ̀ kọjá ní Ìkirè láìra dòdò: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n jù ni, tí a gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí a sì dín nínú epo pupa. Kì í tètè bàjẹ́.

Àpòmù ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ọjà ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé, àti pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀ láti tà wọ́n sí oko ẹrú. Oníkòyí àti Toyèjẹ tí í ṣe Kakaǹfò ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó fi òpin sí ìwà náà. Òwu jẹ́ iṣẹ́ náà ní àjẹ́jù, wọ́n pa ìlú Ifẹ̀ mélòó kan run. Ifẹ̀ gbógun tì wọ́n, Òwu sì ṣẹ́gun. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ataare dé. Igba ẹyọ ni wọ́n ń dì pọ̀ tà. Ará Òwu kan ka èyí tí oníṣòwò Ìjẹ̀bú kan pàtẹ, ó ní ọ̀kan dín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ẹ̀mí bọ́, Ìjẹ̀bú sì bá Ifẹ̀ lẹ̀dí àpò pọ̀. Nǹkan bí ọdún 1820 ni èyí.

Ọmọ Òwu láti Abẹ́òkúta wà láàárín wa, ọmọ Ìjẹ̀bú wà, ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ọ̀yọ́ náà sì wà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àríyànjiyàn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun kejì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní ataare náà pé. Ọmọ Òwu ní mọ́kàndínnígba ni. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu bàbá wa kò bára mu, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ní ọjọ́ kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yóò dúró níwájú ọmọdé láti kọ́ wọn ní ìtàn kan náà yìí.

Johnson pàápàá, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ bí tiwa ni ní Abẹ́òkúta, ó sì ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sì sọnù ní ìlú Òyìnbó. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Ní ọjọ́ kejì a ń rìn lábẹ́ kòkó, omi sísè nínú ìgò, àdá lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú nítorí ejò. A sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò gígùn kan, a gun òkìtì tí ó tẹ̀lé e, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ, tí a ń bi ara wa pé níbo ni ògiri Òwu wà. Bàbá àgbẹ̀ kan tí ó ń já kòkó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní, “Ẹ ti kọjá rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Ojú tì wá. Amọ̀ ni Òwu fi mọ odi. Ẹni tí ó bá ń mọ odi a máa gbẹ́ amọ̀ rẹ̀ ní ìta, ihò tí ó bá kù ni a ń pè ní yàrà. Òjò igba ọdún ti wẹ odi náà wálẹ̀, ó di òkìtì lásán tí igi hù lé; yàrà sì ti kún dé ìdajì. Ṣùgbọ́n òkìtì ilẹ̀ kì í tò lọ bí okùn láìsí ọwọ́ ènìyàn. Bákan náà ni Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Láti ìgbà náà ni a ti ń wolẹ̀ bí a ti ń rìn: pẹ̀rẹ̀gún níbi tí kò sí ilé, àpáàdì, ọlọ tí ó ti jẹ kòtò sínú. Mábogúnjẹ́ àti Omer-Cooper, tí wọ́n tẹ ìwé lórí Òwu jáde ní 1971, mọ irú ìwòlẹ̀ yìí dáadáa. A kò mú àpáàdì kan kúrò níbẹ̀. Òfin ọdún 1979 kò gba kí a máa wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ, àpáàdì tí a bá sì gbé kúrò ní ipò rẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan í jẹ́ mọ́.

Odi méjì ni Johnson ní Òwu ní. Àgédéngbé ni wọ́n fi ń jà, Ìjẹ̀bú sì ní ìbọn tí wọ́n rà ní etíkun. Síbẹ̀, ebi ni ó ṣẹ́gun wọn. Ó kọ ọ́ pé nínú ìdótì yẹn ni a ti kọ́kọ́ jẹ awùjẹ, tí a kò kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Dòdò wà lẹ́nu wa nígbà tí a ka ibẹ̀. A gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ìlú fọ́, a tà lára àwọn ará rẹ̀ sí oko ẹrú, àwọn aṣẹ́gun sì pàṣẹ pé kí a má tún Òwu kọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kù dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1834. Ènìyàn sì tún ń gbé ní Orílé-Òwu lónìí, a sì kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ibẹ̀ kí a tó pa dà sí ìdí odi.

Ní ọjọ́ kẹta a fẹ́ wọn ìbú yàrà. Ọmọ Ìjẹ̀bú di orí okùn kan mú, ó dúró sí etí ìta; ọmọ Òwu mú èkejì, ó gun orí òkìtì. Okùn kò tó. A so aṣọ ìbora méjì mọ́ ọn, a tún un fà, ọmọ Ifẹ̀ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí òjò ti ń ṣú bọ̀.