ṢÉ ỌWỌ́ ẸNI NI, ÀBÍ ỌWỌ́ ÀWÙJỌ?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: bí nǹkan bá rí bó ṣe rí fún ènìyàn, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á ni, àbí bí wọ́n ti to ìlú tí ó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Kí ó má baà dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì tiwa. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé-kéwú wa tí kì í dé títí aago mẹ́rin àbọ̀ fi máa ń lù, bẹ́ẹ̀ ni aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A bá a wí títí. A ní kí ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn kíláàsì, a sì pè é ní ọ̀lẹ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò fèsì rí. Ní ọjọ́ kan tí a gba ọjà kọjá, ìyá rẹ̀ rí wa, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní: “Àlùfáà, ẹ dákun, ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀kọ tó ń kiri nígbà tó bá ti ilé-ìwé dé ni a fi ń rí oúnjẹ alẹ́ jẹ. Bí kò bá tíì tà á tán, kò lè wá.”

Ojú tì wá. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a ti bi ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé: ta ni ó fi kíláàsì sí aago mẹ́rin? Àwa náà ni.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ MÉJÌ

Apá kìíní nínú ọ̀rọ̀ yìí ni agbára ìṣe ẹni: pé ènìyàn ní làákàyè, ó lè yàn, ó lè kọ̀, ó lè gbìyànjú. Apá kejì ni ètò àwùjọ: òfin, àṣà, owó, ìdílé, ọjà, ilé-ìwé, àti gbogbo ohun tí a bá nílẹ̀ nígbà tí a dé ayé, tí ó ń ṣí ọ̀nà kan fún wa, tí ó sì ń dí òmíràn.

Àwa tí a kọ́ èdè Lárúbáwá kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlejò ní ilé wa. Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní ọdún 1332, tí ó sì kú ní Cairo ní 1406, kọ ìwé rẹ̀ Muqaddimah ní 1377. Ó ti bá ọba púpọ̀ ṣiṣẹ́, ó ti ṣẹ̀wọ̀n, ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìjọba ti ń ga tí ó sì ń wó. Kò gbà pé akin kan ṣoṣo ló ń dá ìjọba sílẹ̀. Ó ní okùn kan wà tí ó ń so àwọn ènìyàn pọ̀, èyí tí ó pè ní asabiyya. Okùn yìí a máa yi láàárín àwọn ará aginjù tí ìnira ti so pọ̀, wọn a sì borí àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn bá jókòó sínú ọlá, okùn náà a tú. Ó ní ìjọba kì í sábà kọjá ìran mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àwọn ará Yúróòpù. Émile Durkheim, ará Faransé, kọ́ni ní 1895 pé àwọn ohun kan wà ní àwùjọ tí ó wà lóde ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń darí ènìyàn bí ó fẹ́ bí ó kọ̀, irú bí èdè tí a ń sọ àti owó tí a ń ná. Max Weber, ará Jámánì tí ó kú ní 1920, gba ọ̀nà mìíràn. Òun ní kí á kọ́kọ́ wádìí ohun tí ìṣe kan túmọ̀ sí lọ́kàn ẹni tí ó ń ṣe é.

ẸNU WA NÁÀ JẸ́ Ẹ̀RÍ

Bí a bá fi èdè wò ó, a ó rí i pé àwọn méjèèjì ní òtítọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó lè jí ní òwúrọ̀ kí ó ní láti òní lọ, òun yóò máa pe ọkọ̀ ní ọkọ́. Bí ó bá ní kí wọ́n bá òun wá ọkọ́ tí yóò gbé òun lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in. Òfin èdè ti wà nílẹ̀ kí a tó bí i. Síbẹ̀, òfin yìí kan náà ló jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka nahw mọ̀ pé bí a bá yí ìparí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹni tí wọ́n lù lè di ẹni tó lu ènìyàn. Ohun tí Anthony Giddens, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1984 nìyí: ètò tó dè wá náà ló ń fún wa lágbára, ìṣe wa ojoojúmọ́ ló sì ń mú un dúró.

Ẹ tún wo apá kejì. Àdúrà, wàásù, àlàáfíà: láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ṣẹ̀. Kò sí ọba tó pàṣẹ pé kí Yorùbá gbà wọ́n. Ẹnu àwọn oníṣòwò àti àwọn oníwàásù ni wọ́n bá wọlé, díẹ̀díẹ̀, láti ọjà dé ọjà. Lónìí, Kìrìsìtẹ́nì tí kò mọ álífù ń gbàdúrà, ó sì ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣe àwọn kan ti di òfin fún gbogbo wa.

ILẸ̀KÙN TÍ A ṢÍ

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ṣé àwọn òbí tó ya ọ̀lẹ ní oṣù Kejìlá ló ṣàdédé ronúpìwàdà ní oṣù Kìíní? Rárá o. Owó ilé-ìwé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n gbé kúrò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ètò àwùjọ a máa yí ara rẹ̀ padà. Ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ọwọ́ àwọn ìjọ ajíhìnrere ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà. Òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí lè fi ọmọ rẹ̀ sílé láìkàwé, tàbí kí ó fi í síbi tí ó ti lè padà wálé pẹ̀lú orúkọ àti ẹ̀sìn mìíràn. Kò sí òbí kan tó lè dá ìyẹn yanjú, bó ti wù kí ó gbọ́n tó. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ kan kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kẹta ṣe ṣí.

Margaret Archer, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1995 pé kí á má ṣe gbàgbé àsìkò. Ohun tí a bá nílẹ̀ ló ṣáájú. Ohun tí a fi ṣe ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ohun tí a fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, bóyá bó ti wà tẹ́lẹ̀, bóyá ó ti yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ 1923 kò yan Èkó tí wọ́n bá, ṣùgbọ́n Èkó tí àwọn ọmọ wọn bá yàtọ̀.

ÌKÌLỌ̀

Ẹlòmíràn lè gbọ́ èyí kí ó ká ọwọ́ lérán, kí ó ní ìlú ló ba ti òun jẹ́. Ní 1977, Paul Willis tẹ ìwé kan jáde nípa ọmọkùnrin méjìlá ní ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ń fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì kà á sí ọgbọ́n. Òtítọ́ kan sì wà nínú ohun tí wọ́n rí, pé ìwé-ẹ̀rí kò lè gbé gbogbo irú wọn dé òkè. Ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ló sìn wọ́n dé ẹnu iṣẹ́ alágbára tí bàbá wọn ń ṣe. Kò sí ẹni tó dè wọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n fi de ara wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ẹni tí ó kùnà, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹyọ kan:
1. Kí ni ó bá nílẹ̀, ta ni ó sì lè tún un ṣe?
2. Kí ni òun fúnra rẹ̀ fi èyí tó bá nílẹ̀ ṣe?
Ẹni tó bá bi èkejì nìkan yóò fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀. Ẹni tó bá bi ti àkọ́kọ́ nìkan yóò sọ ènìyàn di igi.

Ní ti ọmọ wa, a bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tí a pè é ní ọ̀lẹ lójú wọn, a sì sún kíláàsì sí aago márùn-ún. Kò pẹ́ mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn méjì kan wà tí ilé wọn kò jìnnà, tí wọn kò kiri nǹkankan, tí wọ́n ṣì ń pẹ́. Àwọn ni a ń bá wí nísinsìnyí, ọkàn wa sì balẹ̀ pé ìbáwí náà tọ́ sí wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Òfin wo ló wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń dí ẹnikẹ́ni lọ́nà láìjẹ́ pé a mọ̀?
2. Ta ni a ti pè ní ọ̀lẹ láìtíì bi í ní ìbéèrè?
3. Nínú ohun tí à ń dá ìlú lẹ́bi fún, èwo ni ọwọ́ wa ká?

Kí Ọlọ́run fún wa ní òye. Ó di oṣù tó ń bọ̀.