Oògùn Tó Kù Lára Ẹran Ẹbọ

Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ewé sílẹ̀ díẹ̀, kí á sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí a fi ń bọ òrìṣà tí a sì ń jẹ.

Mo lọ ra òbúkọ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin ewúrẹ́ níbí ní Amẹ́ríkà. Mo bi í bóyá ó ti gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹnisílìn, ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fi òbúkọ náà sílẹ̀. Ìyá kan wà nílé wa tí ara rẹ̀ kọ pẹnisílìn. Bó bá kàn án, ara rẹ̀ á wú, èémí rẹ̀ á sì há. Òun náà ni ìbá jẹ nínú ẹran ọ̀hún.

Bí oògùn ṣe ń rìn lára ẹran nìyí. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e káàkiri, ẹ̀dọ̀ a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kíndìnrín a sì tì í jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà, wẹ́wẹ́ rẹ̀ pàápàá sì lè ṣì lágbára. Tẹtirasáíkílìn a máa lẹ̀ mọ́ egungun. Jẹ́ntamáísìn a máa pẹ́ nínú kíndìnrín. Ivermectin a máa sá pamọ́ sínú ọ̀rá. Bí a bá tún gún ẹran kí ti àkọ́kọ́ tó tán, ńṣe ni yóò máa kún sí i.

Ẹ wo igún, ẹyẹ tí Ifá mọ̀ dáadáa. Ní Íńdíà àti Pakistan, igún jẹ òkú màlúù tí wọ́n ti fún ní diclofenac. Kíndìnrín wọn bàjẹ́, wọ́n sì kú lọ bẹẹrẹ. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 2006 ni Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

Sísè kì í mú gbogbo oògùn kúrò. Ewé kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò lára ẹran tí a ti pa. Ọjọ́ ló ń ṣe é.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: Oògùn wo ni? Ọjọ́ wo la lò ó kẹ́yìn? Ọjọ́ mélòó ni ìwé ara ìgò ní kí á dúró? Abẹ́rẹ́ tẹtirasáíkílìn kan tó ń pẹ́ lára màlúù ń fẹ́ ọjọ́ 28. Iye ọjọ́ ti màlúù lè má bá ti ewúrẹ́ mu, ẹ bi dókítà ẹran. Ẹ tètè ra ẹran ṣáájú ọjọ́ ẹbọ, kí ẹ lè ráyè dúró. Bí ẹni tó ń tà á kò bá rí èsì fún yín, ẹ wá ẹran mìíràn.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹbọ wa ó fín, kí ó má sì pa wá lára. Àṣẹ.