Ajá Kérésì: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Wáàfù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Tin Can tí ẹ sì ń sùn ní Ajégúnlẹ̀, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ fi ọmọ ajá ta ọ̀rẹ́ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n lọ́rẹ Kérésì. Mi ò bá yín jà, torí mo mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ṣí èbúté yẹn lọ́dún 1977, tírélà sì ti gba ojú ọ̀nà. Abẹ́ tírélà ni ajá ìgboro ń bímọ sí, ìyókù oúnjẹ dírẹ́bà àti mọ́tò-bọ́ì ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fara rẹ̀ bọ Ògún ni. Ọmọ ajá ibẹ̀ ò tilẹ̀ mọ ibi tí ì bá sá sí. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan kúrò níbẹ̀ ṣoore. Àmọ́ kéèyàn gbà á tọ́ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí kó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́.

1. Ìyá ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ á fò sókè, á sì ti sọ ajá náà ní Bíngò kí ẹ tó jókòó. Ìyá á rẹ́rìn-ín torí kò fẹ́ dójú tì yín, ṣùgbọ́n òun ni yóò ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà láti fi fọ ìtọ̀ ajá kúrò ní kọ́rídọ̀. Ẹ tún bi onílé. Ilé tí yàrá mẹ́wàá dojú kọ ara wọn, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan, gbogbo wọn lẹ ta lọ́rẹ yẹn, títí kan Ààfáà tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun. Ajá lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹ fún á ti wọ yunifásítì, ajá á ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

2. Ẹ béèrè ẹni tó ń lọ sílé fún ọdún. Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan: Ìgbò wà níbẹ̀, Ùròbò, Ìjọ, Ìlàjẹ, Ẹ́fíìkì. Bí Kérésì bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, ẹrù ti kún gáréèjì, ilé ti ń dá. Ajá tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, òpó ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa so ó mọ́. Mo ti rí i rí: okùn kúkúrú, abọ́ omi tó ti dojú dé, ẹ̀bà tó ti gbẹ tí eèrà bò. Ọmọdé aládùúgbò tí wọ́n ní kó máa bọ́ ọ ti bá ìyá tirẹ̀ lọ ìlú òkè. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1978, Clarissa Baldwin tó ń bá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ajá ṣiṣẹ́ ló gbé e jáde pé títí ayé ajá ni èèyàn ń gbà á, kì í ṣe fún Kérésì nìkan. Tiwọn ni pé bí ọdún bá lọ, ajá a sú wọn. Tiwa burú jù: ọdún gan-an ló ń gbé olówó ajá lọ.

3. Bángà. Ìjọba fòfin dè é, a ṣì ń gbọ́ ọ. Ajá tí kò tíì mọ ohùn ará ilé yóò já okùn, á sì bọ́ sí gọ́tà.

4. Ẹ má gba ọmọ ajá lẹ́nu ọmú. Kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bó bá tó oṣù mẹ́ta, kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́wọ́ dókítà ẹranko, lẹ́yìn náà kó máa gbà á lọ́dọọdún. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ajá ló ń kó àrùn yìí ran èèyàn jù lọ, bí ó bá sì ti fara hàn lára èèyàn, agbára káká lẹnikẹ́ni fi ń yè é. Nínú mẹ́wàá tó ń pa lágbàáyé, nǹkan bí mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Irú àwọn tí ẹ fẹ́ fún lajá nìyẹn. Bí ajá bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi àgbo dá ara yín dúró.

5. Ológbò? Ó wúlò fún ilé ìtajà tí eku pọ̀ sí. Ẹ má gbé e wọ ilé tí wọ́n ti ń pè é ní àjẹ́.

6. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń fún. Bùkátéríà tó ń ta ẹran ajá, tí wọ́n ń pè ní 404, wà ní Ajégúnlẹ̀, ẹni tó ń wá ajá Ògún náà wà. Mi ò bú oúnjẹ ẹnikẹ́ni, mi ò sì bú òrìṣà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó dàgbà ni, ẹ là á yé wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fún wọn.

7. Lọ́jọ́ Kérésì, ẹ fún wọn ní ṣéènì, abọ́ àti owó abẹ́rẹ́. Kí ajá wà lọ́wọ́ yín títí àwọn arìnrìn-àjò fi dé ní oṣù Kìíní. Ìtọ̀ tí ẹ bá nù nílẹ̀ ilé ara yín á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé fúnni. Lẹ́yìn náà kí ọmọ wá mú un fúnra rẹ̀, tòun tìyá rẹ̀. Bí oṣù Kejì bá sì dé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì bi yín pé ajá dà, ẹ wá ilé mìíràn fún un.