Níbo Ni Ìwé Ti Sọ Bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ló lè ka odidi ojú ìwé kan geere, ṣùgbọ́n bí a bá pa ìwé dé tí a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kà, òkè àjà ni wọn yóò máa wò. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kíkà sókè la kọ́ wọn, òun náà la sì ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ohun tí a óò kà kéré, kí ẹ sì pẹ́ lórí rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí ìwé kò bá kárí, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó:

“Bàbá wọlé, kò dá àwọn ọmọ tó kí i lóhùn. Ó ju àpò rẹ̀ sórí àga. Ìyá rọra gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ pe àwọn ọmọ jáde.”

Ẹ kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn náà kà á. Ta ló wọlé? Kí ló ṣe? Ìyẹn kò le. Ẹ wá bi wọ́n pé, báwo ni inú Bàbá ṣe rí? Gbogbo kíláàsì yóò pariwo pé inú ń bí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń sọ pé “ó dáa,” tí wọ́n á sì kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: níbo ni ìwé ti sọ bẹ́ẹ̀? Wọn yóò wá a títí, wọn kò ní rí “inú ń bí i” níbì kankan. Ẹ má dáhùn fún wọn. Ẹ dákẹ́, kódà bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá fẹ́ ni yín lára. Ọmọ kan yóò fi ìka sí “kò dá àwọn ọmọ tó kí i lóhùn.” Òmíràn yóò rí i pé Bàbá *ju* àpò ni, kò rọra gbé e kalẹ̀. Ìyá ńkọ́? Kí ló dé tó fi fọwọ́ pè wọ́n, tí kò lanu? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Bí òǹkọ̀wé náà ti ń ṣe nìyẹn.

Èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ráyè wo ohun tó fara sin. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bó bá yá, ìbéèrè kan náà ni ẹ óò gbé lọ bá ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ kan lè dìde pé inú kò bí Bàbá, pé ó jọ pé òkú ló gbọ́, torí Ìyá náà *rọra* ń ṣe. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́ torí pé kò bá ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ yín mu. Ó fi ìka sí gbólóhùn tó gbè é lẹ́yìn. Ẹ fún un ní máàkì rẹ̀.